Ìbejì Màlúù àti Ìbéèrè Kẹ́hìndé

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, Kẹ́hìndé obìnrin tí Táyé rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin, gbọ́ lẹ́nu darandaran kan pé bí màlúù bá bí akọ àti abo pọ̀, abo náà kì í bímọ. Ó wá bi wá léèrè níwájú gbogbo kíláàsì bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn kíkún, ìdáhùn rẹ̀ sì ní ìtàn.

Òtítọ́ ni darandaran náà sọ. Bí a bá kó irú abo bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá jọ, bíi mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò yàgàn. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó dá sí i. Ní ọdún 1779, John Hunter, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, la díẹ̀ nínú àwọn àgàn náà wò. Nínú ẹran kan ṣoṣo, ó rí ohun tó jọ ẹ̀yà akọ àti ohun tó jọ ẹ̀yà abo. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí ìdí rẹ̀.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdí náà tó hàn. Frank Lillie, olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago, kò ní agbo màlúù. Ohun tó ní ni odò ẹran ńlá tó wà nílùú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pa màlúù tó lóyún ìbejì, ilé-ọmọ rẹ̀, tí kò wúlò fún alápatà, ni wọ́n ń kó lọ fún un. Ó kọ́kọ́ wo ibi tí ẹyin ìyá ti ń jáde, ó sì rí àpá ẹyin méjì. Èyí fi hàn pé abo náà kì í ṣe akọ tí ẹ̀dá rẹ̀ bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Abo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ibi ọmọ. Ibi àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì so pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ akọ fi ń ṣàn wọ ara abo. Níbi tí iṣan kò bá ti so pọ̀, abo náà pé pérépéré. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí yìí ni àwa fẹ́ràn jù. Ó tẹ èrò rẹ̀ jáde ní ọdún 1916. Ní ọdún yẹn kan náà, Keller àti Tandler ní Vienna sọ ohun kan náà, láìgbọ́ tẹnu ara wọn.

Lillie ní họ́mónù ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ akọ náà, ṣùgbọ́n kò fojú rí i. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alfred Jost, ló tú u síwájú sí i ní nǹkan bí ọdún 1947. Ó yọ kóró ẹpọ̀n àwọn ọlẹ̀ ehoro nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ìyá wọn: akọ tí a yọ tirẹ̀ dàgbà bí abo. Ó parí èrò sí i pé ẹpọ̀n ń pèsè ohun méjì, ọ̀kan tó ń kọ́ ẹ̀yà akọ, èkejì tó ń pa ìpìlẹ̀ ilé-ọmọ run. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní hormone anti-müllérienne lédè Faransé. Nathalie Josso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ló yọ ọ́ jáde lára ẹpọ̀n ọmọ màlúù, wọ́n sì tún bá a nínú ẹ̀jẹ̀ abo tó ní akọ fún ìkejì.

Ti ènìyàn yàtọ̀. Bí ibi ìbejì akọ àti abo tilẹ̀ kan ara wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà so pọ̀. Họ́mónù náà kò rí ọ̀nà gbà kọjá. Àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ Táyé tàbí Kẹ́hìndé, tí ìkejì wọn jẹ́ ọkùnrin, ṣì wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí ọmọ-ọmọ yí wọn ká. Kẹ́hìndé bi wá lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó dá wa lójú. A ya ibi méjèèjì sójú pátákó, a fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dúró ní ààlà, ó sì dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òun yóò fi han ìyá òun.