Ìgbáradì: Orúkọ tí ó Yẹ Ètò Ìmárale Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Ìfun

Àwọn baba wa tí wọ́n wo rédíò títí, tí wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ láìdúró gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, mọ̀ dájú pé ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú fún, tẹ Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Ẹrù ilé ìwòsàn ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè gbé e. Ìdì kan péré nínú ẹrù náà ni mo fẹ́ tú lónìí, èyíinì ni ètò tí a fi ń mú ara aláìsàn le kí abẹ tó kan ìfun rẹ̀.

Ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí Dókítà Franco Carli, onímọ̀ oògùn akunnilóorun ní Yunifásítì McGill, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí yìí, àbájáde kan jáde ní 2014 tí ó yẹ kí olùtúmọ̀ ronú lé lórí. Àwọn ènìyàn 77 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, ètò kan náà ni wọ́n sì fún gbogbo wọn: ìrìn, ìdárayá tí ń fún iṣan lókun, oúnjẹ amúaradágbà, àti ìmọ̀ràn tí ń fi ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Àwọn ìyókù kò bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ní tíátà. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ní kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 6 kí wọ́n lè wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn lè gbé wọn dé, ìdá 84 nínú 100 àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó ti padà sí agbára wọn àtijọ́ tàbí tí ó tilẹ̀ tayọ rẹ̀. Ti àwọn ìyókù jẹ́ ìdá 62. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀, àsìkò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, orúkọ tí kò bá gbé àsìkò yìí dání kò tíì tó orúkọ.

Èyí tí ó máa ń yá wa lẹ́nu ni eré ìdárayá. Ó dára fún ọmọ ilé ìwé; ṣùgbọ́n ẹ wo àgbàlagbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọn yóò gé lára ìfun rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká, tí wọ́n ń wí pé, “Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má ṣe wàhálà kankan,” kí ẹnì kan wá ti ẹ̀ka físíò dé, kí ó ní kí Bàbá máa ṣe eré. Ta ni yóò bá a wí bí ó bá fèsì pé, “Inú mi tí wọ́n fẹ́ là ni ẹ fi ń ṣeré?” Ọ̀rọ̀ náà ti sọ iṣẹ́ gidi di àfipawọ́.

Ìgbáradì ni èmi fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni, ọ̀rọ̀ jagunjagun tí ń di àmùrè gírí nígbà tí ọ̀tá ṣì wà lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀, pé ọjọ́ rẹ̀ ń sún mọ́lé, àti pé ara òun ni òun yóò fi pàdé rẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Mo rò ó bóyá kí á fi “de” àti “abẹ” kún un, kí ó di ìgbáradì-dabẹ, kí ó lè ṣe ṣókí. Mo sì kọ̀ ọ́, nítorí pé bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sábà máa ń gbàgbé, ẹni tí ń kà á lè pè é ní “dábẹ́”, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọbìnrin, ẹ̀rù yóò sì ba ìyá arúgbó tí ó bá rí i. Kí á fi í sílẹ̀ ní gígùn rẹ̀: ìgbáradì fún iṣẹ́ abẹ ìfun.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìdárayá tí a ti ń gbé ohun wíwúwo, kí á pè é ní ìdárayá afúnṣanlókun. Fún ìwọ̀n agbára tí ó yẹ kí ènìyàn fi rìn, mi ò ní ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan, nítorí àwọn físíò ní òṣùwọ̀n kan tí ó bá èdè wa mu: kí aláìsàn máa rìn dé ìwọ̀n tí ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Amúaradágbà yẹ ìwé; lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ni kí ó jẹ́. Bí ojú ibi tí wọ́n ti rán ìfun pọ̀ bá wá ń jò, tàbí tí òtútù àyà mú ẹni tí wọ́n là níkùn, àkóbá ni mo pe irú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò di ẹ̀bi ru aláìsàn.

Mo bẹ ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti físíò tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá àwọn àgbàlagbà tí ń dúró de iṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Èyí tí kò bá sì yé wọn, ẹ ṣá a tì, kí ẹ bi wọ́n léèrè èyí tí wọn ì bá lò.