Àtọ̀gbẹ

Tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, wàá bá àìsàn náà nínú rẹ̀: à, tọ̀, gbẹ. Ẹni tó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò ní ilé àyẹ̀wò. Ojú ni wọ́n fi rí i. Wọ́n rí ẹni tí òùngbẹ kò jẹ́ kó sùn, tí ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró nídìí mọ́, tí èèrà ń ṣù mọ́ ibi tó tọ̀ sí. Orúkọ yẹn péye gan-an ni.

Àmọ́ ìparí ìtàn ló sọ. Kí ara tó gbẹ, insulin, họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara, lè ti máa kùnà láti ọdún mélòó kan. Àyẹ̀wò HbA1c ló ń tú àṣírí yẹn: ó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, ààwẹ̀ ọjọ́ méjì kò lè tàn án jẹ. 5.7 sí 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ìkìlọ̀, láti 6.5 lọ sókè, àtọ̀gbẹ ni. Bí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ bá jẹ́ SS, jọ̀wọ́ sọ fún dókítà kí wọ́n tó ṣe é, torí èsì rẹ̀ lè ṣìnà.