Ọdún tí ìràwọ̀ já

Àwọn àgbà ilé wa àtijọ́, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí, wọ́n lè ní ọdún lúkúlúkú ni wọ́n bí àwọn. Ẹ lọ ṣírò: 1918 nìyẹn.

Àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Ọdún tí ìràwọ̀ já. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Ìdájí ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, 1833. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá. Ṣàdédé ni ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí òjò. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó lé ní 50,000 láàárín wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ayé ti parí nìyẹn.

Frederick Douglass rí i. Ọ̀dọ́mọdé ni, ẹrú ni, ní Maryland. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun rò ó pé bóyá Jésù ló ń padà bọ̀, àti pé òun ti ṣe tán láti kí i káàbọ̀ bí ọ̀rẹ́ àti olùgbàlà. Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tó ń ba ẹlòmíì lẹ́rù, òun ń retí ìdáǹdè níbẹ̀.

Douglass kan náà yìí ò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ o. Ó ní ohun tí ẹrú mọ̀ nípa ọjọ́ orí ara rẹ̀ ò ju èyí tí ẹṣin mọ̀ lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ olówó ẹrú, àmọ́ ẹrú ò gbọ́dọ̀ rí i. Ojú ọ̀run ni wọn ò lè tì mọ́ inú àpótí. Ẹni tó bá ti lè gbé korobá omi lọ́dún yẹn ti mọ ibi tí òun á ti máa ka ọjọ́ orí òun. Kódà nígbà tí ìjọba rán èèyàn lọ gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó ti ṣẹrú rí, ní 1936 sí 1938, àwọn kan ṣì ń dárúkọ ìràwọ̀ yẹn.

Àwọn ará Lakota náà yà á sára awọ tí wọ́n fi ń ka ọdún.

Kí ló wá já gan-an? Kì í ṣe ìràwọ̀ jàre, eruku ni. Ìràwọ̀ onírù kan wà tó ń yí oòrùn ká ní ọdún 33-33. Tempel rí i ní Marseille ní oṣù kejìlá 1865, Tuttle rí i ní Amẹ́ríkà ní oṣù tó tẹ̀ lé e, orúkọ àwọn méjèèjì ló ń jẹ́: Tempel-Tuttle. Yìnyín àti eruku ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Tí oòrùn bá ti mú un, eruku á máa já sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọdọọdún ni ayé wa ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá ní oṣù kọkànlá. Eruku ọ̀hún, bí hóró iyanrìn lásán, á sáré wọ inú afẹ́fẹ́ wa ní nǹkan bíi kìlómítà 70 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì jóná. Ní 1833, ibi tó ki gan-an layé kó sí.

Ní 2031 ló máa padà wá sítòsí oòrùn. Ẹ má tíì yọ̀ o: ní 1899, àwọn èèyàn dúró dè é lóru, òjò ìràwọ̀ tí wọ́n ń retí ò wá.

Àmọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ bá jí ní aago mẹ́ta òru tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ jáde síta. Ẹ lè rí bíi mẹ́wàá láàárín wákàtí kan.