Mọ́tò Tó Ń Kú Nígbà Tó Bá Gbóná: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Ìjà Wa

 Admin yín ni. Ẹ má bínú pé fóìsì tòní gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ní dátà, á kà á nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó fa ariwo níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò wa kan ní mọ́tò òun máa ń sítáàtì dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti rìn bí ogún ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ gbóná, á kàn kú. Tó bá sinmi fún ìdajì wákàtí, á tún jí. Wọ́n ti pààrọ̀ pùlọ́ọ̀gì, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ́díétọ̀, ó ṣì ń kú. Ní báyìí mẹkáníìkì ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì Belgium. Owó ọjà ló sì fẹ́ fi rà á! Ni àwọn kan bá ní olè ni mẹkáníìkì yẹn, pé torí a jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ṣe ń rẹ́ wa jẹ. Mo ní kí gbogbo wa dákẹ́ ná. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ ò ní tètè pe èèyàn lólè, kò sì ní tètè ra ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ò lè ṣiṣẹ́ láìsí nǹkan mẹ́ta: afẹ́fẹ́, epo, àti iná tí pùlọ́ọ̀gì ń ta. Afẹ́fẹ́ kì í sábà dá wàhálà yìí sílẹ̀. Nítorí náà, mọ́tò tó bá kú nígbà tó gbóná, tó sì jí nígbà tó tutù, a jẹ́ pé ooru ti gba epo tàbí iná lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí láyé àwọn bàbá wa nìyẹn, bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Ohun tó yí padà ni ibi tí ooru ti ń mú un.

Ní nǹkan bí ọdún 1910, Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ṣe ètò iná tí bàtìrì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ètò yẹn ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ayé lò fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Òun náà ló wà nínú mọ́tò tí àwọn bàbá wa gùn. Lọ́dún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, ọdún yẹn kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. 504 wá gba gbogbo títì. Ta ni ò wọ̀ ọ́ rí nínú wa, tí wọ́n há wa mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́sẹ̀?

Èyí tó pọ̀ jù nínú 504 wa, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, pọ́ọ̀ǹpù epo sì wà lára ẹ́ńjìnnì gan-an, nínú ooru. Ẹ wá wo Milliken Hill níbí, ọ̀nà àtijọ́ tó gba orí òkè láti Enugu lọ sí Ngwo àti 9th Mile. Mọ́tò á fi jíà kékeré gun òkè, kọ́nà lórí kọ́nà, kò lè sáré débi tí atẹ́gùn á fi máa fẹ́ sí i lára. Bẹntiróò kì í ṣe omi o. Kó tó gbóná dé ìdajì ooru tí omi fi ń hó, apá kan nínú rẹ̀ ti ń hó. Tó bá hó nínú páìpù, pọ́ọ̀ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ epo dípò epo, mọ́tò á kú. Àwọn awakọ̀ mọ oògùn rẹ̀: ṣí bónẹ́ẹ̀tì, fi àkísà tútù bo pọ́ọ̀ǹpù àti páìpù, kí o dúró. Á jí.

Tí kì í bá ṣe epo, a jẹ́ pé kọ́ìlì ni tàbí kóńdẹ́ńsà inú distributor. Tó bá gbóná, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá tutù, á bẹ̀rẹ̀ padà. Mẹkáníìkì á fa wáyà pùlọ́ọ̀gì kan, á sún un mọ́ irin, á wò bóyá iná ń ta. Ojú àti etí ló fi ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ yẹn sì tó fún mọ́tò ìgbà náà.

Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n ń kọ́ ara wọn ní Coal Camp. Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀tàn: ibùdó àwọn tó ń wa èédú ni tẹ́lẹ̀, torí èédú tí wọ́n rí nílẹ̀ Udi lọ́dún 1909 ló sọ ibí di ìlú ńlá. Lónìí, páàtì àti mẹkáníìkì ló kún ibẹ̀. Ẹ má sì fojú di wọn. Ìlú yìí mọ mọ́tò. Emene tó wà nítòsí wa yìí ni ANAMMCO ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes pọ̀ nígbà kan rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá mọ̀ ló máa kọ́. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lára 504, ọgbọ́n 504 ló máa fún ọmọ rẹ̀.

Ibi tí ìtàn ti yí nìyí. Lọ́dún 1967, ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń fi iná mànàmáná wọn epo sínú ẹ́ńjìnnì. Volkswagen 1600 ló kọ́kọ́ lò ó. Díẹ̀díẹ̀, kábúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé lókè òkun. Ní tiwa níbí, SAP dé lọ́dún 1986, náírà wálẹ̀, mọ́tò tuntun di ohun tí apá ò ká mọ́. Ni Tòkunbọ̀ bá gba ìlú. Ẹ wò ó, orúkọ Yorùbá ni, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, ṣùgbọ́n Ìgbò ń pè é, Haúsá ń pè é. Nígbà tó wá di mọ́dẹ́ẹ̀lì 1996, Amẹ́ríkà fi dandan mú un pé gbogbo mọ́tò kéékèèké tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ojúhò kan tí a lè fi kọ̀ǹpútà sí láti mọ ohun tó ń ṣe é. Irú àwọn mọ́tò yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń gùn báyìí.

Nínú wọn, kò sí kọ́ńtáàtì mọ́, kò sí kábúrétọ̀. Inú táǹkì epo ni pọ́ọ̀ǹpù wà. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní crankshaft sensor. Òun ló ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Tó bá dákẹ́, brain box ò ní fún un níná, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní fún un lépo. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ká síbẹ̀. Tó bá ti gbó, ooru á mú kó já, tó bá tutù á tún so pọ̀.

Ẹ rí ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀? Àìsàn tuntun yìí jọ ti àtijọ́ bí ìbejì. Oògùn àtijọ́ náà, ìyẹn ká dúró kó tutù, ṣì ń jẹ́. Mẹkáníìkì á rò pé ohun tí òun mọ̀ náà ni. Nígbà tí mọ́tò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tutù, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ló bá ń méfò, owó ẹ̀yin lẹ sì ń fi san owó àméfò.

Ó ṣe èmi náà rí. Mo kó ẹrù, mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé 9th Mile, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ra rẹ́díétọ̀, mo ra pọ́ọ̀ǹpù, pàbó. Ọmọdékùnrin kan ló gbà mí. Ó ní, “Oga, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí tó máa fi kú lójú mi.” A jọ wà á kiri títí tó fi kú. Sẹ́ńsọ̀ ni. Owó rẹ̀ ò tó owó rẹ́díétọ̀ tí mo ti rà lásán.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ṣe. Tó bá kú, ẹ kọ́kọ́ fà á kúrò lójú títì. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ gbígbóná, ẹ má tú páìpù epo. Ẹ wo agogo ooru. Tó bá ti wọ ibi pupa, ooru àpọ̀jù nìyẹn, ọ̀rọ̀ omi àti rẹ́díétọ̀ ni. Tó bá wà láàárín bó ṣe máa ń wà, ẹ fi rẹ́díétọ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn: pọ́ọ̀ǹpù sábà máa ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí kò bá kùn, ẹ fura sí i. Ẹ wá sítáàtì, kí ẹ wo agogo RPM. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí ọwọ́ agogo ò mira rárá, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, sẹ́ńsọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo náà. Tó bá fa afẹ́fẹ́ sínú gan-an tí mọ́tò sì jí lẹ́yìn rẹ̀, táǹkì ni kò rí èémí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó tutù, kí ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n síkáànì rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí ó máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn.

Àbúrò mi, má ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ kì í fi ìdajì wákàtí sinmi kó wá dá ara rẹ̀ sàn. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti ìwọ á lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wa mọ́tò yẹn títí tó máa fi kú. Kì í ṣe olè. Mọ́tò ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó pè é padà sí ẹnu ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ti bú u níbí, kó pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ìlú onílùú la wà, àwọn tó ń tún mọ́tò wa ṣe la ó ṣì tún pè lọ́la.

Ó dàárọ̀ o. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà.