Ọta tí kò wọ ìbọn: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ogun Kánádà ní Ypres lọ́dún 1915

Ìtàn ìbọn la gbé wá lónìí.

Àwa tí a ń ta ṣípéà páàtì mọ ohun kan. Nọ́ọ̀tì lè jọ nọ́ọ̀tì, kí nọ́ńbà kan náà wà lára wọn, síbẹ̀ kó má wọ bóòtù. Oníbàárà á fárígá, á ní ayédèrú la tà fún òun. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, kì í ṣe ayédèrú, ilé iṣẹ́ méjì ló fi ìwọ̀n tiwọn ṣe é. Lọ́jà, a ó dá owó padà, ó tán. Ní Ypres, ẹ̀mí ló bá a lọ.

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jà tán, Kánádà fẹ́ ìbọn tí wọ́n á máa rọ ní ilẹ̀ tiwọn. Lee-Enfield ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, kò bọ́ sí i. Ni ọlọ́lá kan láti Scotland, Sir Charles Ross, bá gbé ìbọn tirẹ̀ wá. Lọ́dún 1903 ìjọba bá a ṣàdéhùn, ilé iṣẹ́ sì dúró ní ìlú Quebec.

Ìbọn Ross yá lọ́wọ́. Lee-Enfield, ẹ ó gbé ọwọ́ bóòtù ẹ̀ sókè, ẹ ó fà á sẹ́yìn, ẹ ó tì í síwájú, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ti Ross, fà á, tì í, ó parí. Níbi ìdíje ìbọn ní Bisley, ó gba ẹ̀bùn. Ara ohun tó jẹ́ kó máa ba ojú àmì ni pé wọ́n gbẹ́ ilé ọta rẹ̀ kó fún. Ilé ọta tí à ń wí yìí ni ihò ẹ̀yìn ìbọn tí ọta ń wọ̀ jókòó sí kí a tó yìn ín.

Ọta kan náà ni Ross àti Lee-Enfield ń jẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní .303. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èèpo ọta yìí, idẹ ni. Bí ẹ̀tù bá gbiná nínú ẹ̀, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, kí iná má bàa gba ẹ̀yìn jáde. Lẹ́yìn náà á súnkì díẹ̀ padà, bóòtù á sì fà á yọ. Tí ọta bá ti tóbi jù láti ilé, tí ilé ẹ̀ sì fún, kò ní í ríbi súnkì sí. Ó há nìyẹn. Ọta tí Kánádà ń ṣe kéré tó láti wọ ìbọn wọn. Ti Gẹ̀ẹ́sì tóbi díẹ̀ jù ú lọ, nítorí Lee-Enfield láyè nínú, ogun ni wọ́n ṣe é fún, kó lè gba ẹrẹ̀ àti erùpẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, Jámánì tú gáàsì olóró sílẹ̀ lẹ́bàá Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọjọ́ 24, wọ́n tú u sórí àwọn ọmọ Kánádà gan-an. Ọta Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ojú ń ta yín, àyà ń dún, ọ̀tá ń bọ̀, ìbọn ti gbóná, bóòtù kò sì ṣí. Àwọn kan ń fi bàtà ta bóòtù. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì lù ú. Bí wọ́n sì ṣe ń fipá fà á, etí irin bóòtù náà ń bàjẹ́ níbi tó ti ń gbá ohun tó dá a dúró, kò wá ní í wọlé mọ́ rárá. Nínú nǹkan bí 5,000 tó yè bọ̀, 1,452 ló ti ju Ross nù, tí wọ́n ṣa Lee-Enfield lára àwọn òkú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, wọ́n pa ìbọn ẹgbẹ́ ogun náà dà pátápátá.

Mínísítà ogun Kánádà, Sam Hughes, kò gbà. Ó ní ọta Gẹ̀ẹ́sì ni kò dáa. Ká sọ òótọ́, kò parọ́ tán: ọta náà tóbi lóòótọ́. Àmọ́ ìwọ̀n tí ilé fi ń wọn nǹkan kì í ṣe ti ojú ogun. Wọ́n padà gbẹ́ ilé ọta Ross kó fẹ̀ sí i, wọ́n sì tún ibi tí bóòtù ń gbá ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ ìbọn ti bàjẹ́. Lọ́dún 1916 gbogbo ẹgbẹ́ ogun Kánádà gba Lee-Enfield. Ọdún náà ni Hughes pàdánù ipò rẹ̀, nígbà tó sì di 1917 ìjọba gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ross.

Ìtàn yìí ò tíì kú. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà lónìí, àwọn ọdẹ ń ṣa èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, wọ́n ń di í ní ọ̀tun fúnra wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ má dán an wò, òfin ò gbà á.) Ẹni tó bá mú èèpo tí wọ́n yìn nínú Lee-Enfield sínú Ross tí wọn ò gbẹ́ fẹ̀, kò ní í wọ̀. Idẹ ti gba ìrísí ilé tó ti sùn sí. Àfi kó tún un fún nínú irin ìwọ̀n látòkè délẹ̀, kì í ṣe ọrùn nìkan. Tó bá ṣì kọ̀, wọ́n á mú èèpo òfìfo, wọ́n á fi èéfín àbẹ́là kùn ún lára, wọ́n á rọra tì í wọlé, wọ́n á yọ ọ́. Ibi tí èéfín ti há kúrò ni ibi tó ń gbá: bóyá èjìká ẹ̀ ló wú, bóyá ẹnu ẹ̀ ló gùn jù. Tí èèpo bá wọlé tí èyí tó ní òjé lórí kọ̀, òjé ló yọ síta jù. Wọn kì í fipá ti bóòtù.

Àwọn tó ń dọdẹ ọ̀tá láti ibi ìsápamọ́ ò fi Ross sílẹ̀ o. Wọn kì í yìn ín léraléra, wọ́n sì ń nù ún bí ẹyin. Ní ogun 1939, wọ́n tún kó o jáde fún àwọn bàbá Home Guard ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn bàbá tiwa tó lọ Bọ́mà, Lee-Enfield ni wọ́n gbé, òun náà sì ni àwa bá lọ́wọ́ ọlọ́pàá nígbà tí a wà ní kékeré, tí a ń pè é ní Máàkì Fọ́ọ̀.