Òwò ni Ó Fa Ogun: Ìbìní, Ọ̀wọ̀ àti Àwọn Gẹ̀ẹ́sì

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìwé ìdánwò ni pé ikú Phillips ni ó fa ogun Ìbìní ní ọdún 1897. Ìdáhùn náà kò dé ìdí ọ̀rọ̀.

Eyín erin àti ekùrọ́ wà lábẹ́ àṣẹ Ọba Ìbìní. Bí ẹ̀bùn tí ó yẹ kí àwọn oníṣòwò Ìtsẹkírì mú wá kò bá tẹ́ Ọba lọ́rùn, a pàṣẹ kí a ti ọjà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1892, Gallwey, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá Ọba Ovonramwen ṣe àdéhùn pé kí òwò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àdéhùn yìí kò yí ìṣe Ìbìní padà. Ní ọdún 1896, Ọba tún dá òwò dúró. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò òyìnbó etí odò rọ, wọ́n sì figbe ta. Ní oṣù Kọkànlá, Phillips kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gba òun láàyè láti yọ Ọba lórí oyè. Ó ní eyín erin inú ààfin yóò tó san owó ogun. Kí òǹkàwé kíyè sí oṣù náà: ìwé yìí ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Phillips kò dúró gba èsì. Ọba ránṣẹ́ pé òun ń ṣe ọdún, kí ó ní sùúrù, kò gbọ́. Wọ́n pa á lójú ọ̀nà ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1897. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun Rawson gba ìlú, wọ́n sì kó iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ààfin lọ. Wọ́n lé Ọba lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1914.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà ní ọdún 1839 sí 1842, nígbà tí ogun fi ipá ṣí èbúté márùn-ún. Ṣùgbọ́n Ọba Ṣáínà kò kúrò lórí ìtẹ́. Ní Ìbìní, ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìtẹ́ ṣófo.

Ní ti Ọ̀wọ̀, àárín Ifẹ̀ àti Ìbìní ni ó ti wà tipẹ́: idà àwọn ìjòyè rẹ̀, oyè rẹ̀, àti ère amọ̀ tí Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà fi èyí hàn. Lẹ́yìn ogun náà, Ọ̀wọ̀ bọ́ sábẹ́ Èkó, Ìbìní sì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Ìjọba méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1906, ṣùgbọ́n ìpín náà kò parẹ́. Ní ọdún 1963, wọ́n yọ Ìbìní kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀wọ̀ sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Lónìí, bí ará Ìfọ́n ní ilẹ̀ Ọ̀sẹ̀ bá ń lọ sí Ìbìní, ó ti sọdá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.