Àtúnṣe àti Àtúntò Ètò Ìṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì ní Ìbàdàn

Ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àkójọ àṣẹ tí ó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tan án; òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ó ń bójú tó ibi tí fáìlì ń gbé, tí ó ń gba ohun tí ọwọ́ tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù, tí ó sì ń fi èsì hàn lójú ẹ̀rọ. Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft ni ó wọ́pọ̀ jù ní ìgboro Ìbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń lo macOS ti Apple, tí àwọn mìíràn sì ń lo ìdílé Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Àtúnṣe ni wíwá ìdí tí ètò náà fi ń ṣe ségesège àti mímú un bọ̀ sípò; àtúntò sì ni yíyí i padà kí ó lè bá iṣẹ́, èdè àti àyíká olùlò mu. Iṣẹ́ méjèèjì ní ètò tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé, èyí ni pé kí ohun tí ó ṣeé dá padà ṣáájú, kí ohun tí kò ṣeé dá padà sì gbẹ̀yìn. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò dá nígbà tí wọ́n bá sáré ṣe fọ́máàtì, ìyẹn pípa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́, kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ìbàdàn ti mọ kọ̀ǹpútà tipẹ́. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lónìí, ìmọ̀ náà ti kúrò nínú ọgbà bọ́ sí ìgboro: ní Àgbowó, tí ó kọjú sí yunifásítì náà, àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń ṣe fotokọ́pì, wọ́n sì ń bá ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò; ní Dùgbẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò jẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ti lò kí ó tó dé, nítorí náà ọjọ́ orí ẹ̀rọ jẹ́ ohun tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kí ó tó fọwọ́ kan ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn orísun ìdààmú

Iná mànàmáná ni ó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ IBEDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ríńgì Róòdù, ni ó ń pín iná fún ìlú náà. Bí iná bá sì lọ lójijì nígbà tí ètò ìṣiṣẹ́ ń kọ nǹkan sórí dísìkì, pàápàá nígbà tí ó ń gba àtúnṣe tuntun (update) wọlé, fáìlì tí kò tíì parí lè bàjẹ́, kí ẹ̀rọ má sì lè jí mọ́. Sítábílásà ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tí ó bá lọ sókè tàbí tí ó bá wálẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò ní iná ìpamọ́ kankan nínú. UPS, tí ó ní bátìrì tirẹ̀, ni ó ń fún olùlò láyè láti tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó sì pa ẹ̀rọ bí ó ti yẹ, tàbí kí ó dúró títí wọn yóò fi tan jẹnẹrétọ̀.

Fláàṣì ni èkejì. Bí fláàṣì kan ṣe ń ti kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn ní ibi ìtẹ̀wé ni fáírọ́ọ̀sì ń bá a rìn. Ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ máa ń fi ojúlówó fáìlì pamọ́, á sì fi ọ̀nà àbùjá tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀, kí olùlò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí àrùn náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá rí irú èyí kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ òun ti sọnù: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi Microsoft Defender, ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì inú Windows, yẹ fláàṣì náà wò, tí E bá sì ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún un, àṣẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* tí wọ́n bá tẹ̀ sínú àyè àṣẹ (Command Prompt) yóò mú àwọn fáìlì tí wọ́n fi pamọ́ jáde.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, CR2032 onífólítì 3, tí ó ń pa aago mọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Nínú tòkunbọ̀ tí ó ti pẹ́, bátìrì yìí sábà máa ń kú, aago á sì padà sí ọdún tí ó ti kọjá. Nígbà náà ni ẹ̀rọ aṣàwárí yóò máa kọ ojúewé ìkànnì sílẹ̀, nítorí pé ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Ọ̀pọ̀ ń dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, nígbà tí ó jẹ́ pé bátìrì olówó pọ́ọ́kú ni wọn yóò pààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ àtúnṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ìpamọ́: kí wọ́n kó àwọn fáìlì pàtàkì sí orí dísìkì mìíràn kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Bí Windows kò bá jí rárá, wọ́n lè ti orí fláàṣì tan Linux, kí wọ́n sì fi í kó fáìlì jáde láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ, bí kò bá jẹ́ pé BitLocker, ètò ìtìpa dísìkì ti Windows, ti ti dísìkì náà pa, nítorí èyí ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ìṣípadà tí olùlò gbọ́dọ̀ ti tọ́jú ṣáájú.

Bí kọ̀ǹpútà bá háńgì, Ctrl, Shift àti Esc tí wọ́n bá tẹ̀ pọ̀ yóò ṣí Task Manager, níbi tí olùlò ti lè rí ètò tí ó ń gba gbogbo agbára ẹ̀rọ, kí ó sì dá a dúró. Bí ìdààmú náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi ètò tuntun kan sí i, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, tàbí kí wọ́n lo System Restore, tí ń dá ètò ìṣiṣẹ́ padà sí bí ó ti wà ní ọjọ́ kan ṣáájú láìfọwọ́ kan fáìlì olùlò. Safe Mode, tí ó ń tan Windows pẹ̀lú kìkì ohun tí kò lè ṣe aláìní, wúlò láti mọ̀ bóyá ètò àfikún ni ó ń fa àìsàn. Olùlò lè dé ibẹ̀ nípa dídi Shift mú bí ó ti ń tẹ Restart.

Bí fáìlì Windows fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́, wọn yóò ṣí àyè àṣẹ pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, wọn yóò kọ́kọ́ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, tí ń tún àkójọ fáìlì ìpamọ́ Windows ṣe, tí ó sì lè gba dátà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni sfc /scannow yóò fi àkójọ yìí rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́. Àṣẹ chkdsk C: /r ń wá ibi tí dísìkì ti bàjẹ́, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìní ìdánilójú iná. Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni ó tó kan Reset this PC, tí ó ní àṣàyàn láti pa fáìlì olùlò mọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni fọ́máàtì pátápátá.

Àtúntò tí ó bá ìlú mu

Àtúntò tí ó dára jù ni èyí tí ó ń dín àtúnṣe ọjọ́ iwájú kù. Hibernate, tí ń kọ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ sórí dísìkì kí ẹ̀rọ tó kú, dára ju Sleep lọ níbi tí iná kò ti dúró sójú kan, nítorí pé orí RAM ni Sleep ń fi iṣẹ́ sí, RAM kì í sì í rántí ohunkóhun bí iná bá lọ. Bí wọ́n bá so UPS mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB, Windows lè ṣe Hibernate fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì UPS bá fẹ́ tán. Ẹni tí ó ń ra dátà lè sọ fún Windows pé ìsopọ̀ òun jẹ́ Metered connection, kí púpọ̀ nínú àwọn àtúnṣe tuntun má baà wọlé láìgbàṣẹ. Kí ó sì gbà wọ́n wọlé ní ọjọ́ tí dátà àti iná bá wà, nítorí àtúnṣe ààbò kì í ṣe ohun àìkàsí. Ní ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, àkántì tí kò ní àṣẹ alábòójútó ni ó yẹ kí wọ́n máa lò, kí wọ́n sì ṣí ìfihàn àwọn fáìlì tí wọ́n fi pamọ́, kí ọ̀nà àbùjá èké lè hàn kedere.

Èdè Yorùbá náà wà nínú àtúntò. Windows ní kíbọọ̀dù Yorùbá tí wọ́n lè fi kún un láti apá èdè nínú Settings. Linux ní tirẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Lórí Mac, kíbọọ̀dù ABC Extended ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà bí wọ́n bá tẹ Option àti X. Ìmọ̀ yìí ní gbòǹgbò ní Ìbàdàn, nítorí pé ibẹ̀ ni àjọ African Languages Technology Initiative, tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọọ̀dù Yorùbá. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ jẹ́ nọ́ńbà méjì tí wọ́n so pọ̀. Ìdí nìyí tí àmì fi ń ṣí kúrò níbi tí ó yẹ nínú àwọn fọ́ǹtì kan, tí Charis SIL àti Noto Sans sì fi dára fún iṣẹ́ Yorùbá. Ẹni tí ó bá fi ilà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì róbótó tún ń lo nọ́ńbà mìíràn, kọ̀ǹpútà lè má sì rí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n bá wá a, nítorí náà ó yẹ kí ìwé kan lo irú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọjọ́ orí ètò ìṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń fún gbogbo olùlò Windows 10 dúró, bí ó tilẹ̀ fi ọdún kan kún un fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, ń béèrè ó kéré tán RAM 4 GB, ibi ìkópamọ́ 64 GB àti TPM 2.0, ìyẹn ohun èlò ààbò tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò ní. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint tàbí Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ará South Africa dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, jẹ́ ọ̀nà tí kò ná olùlò ní kọ́bọ̀, tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Ó sàn fíìfíì ju Windows tí wọ́n jí àṣẹ rẹ̀ lò, nítorí pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já àṣẹ náà sábà máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ohunkóhun tí olùlò bá yàn, kí ó máa yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ẹnjiníà tí ó bá kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ̀dà fáìlì oníbàárà wà, kí ó tó béèrè owó fọ́máàtì, ni ẹni tí ó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún.